Ọjọ́ Tí Tépù Pọn Kọ̀ǹpútà

"Mi ò ra àgbélétan! Kódà bí ẹ bá fi mọ́tò lé e lórí, mi ò rà á!"

Ohùn Tépù ló ń dún báyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, tí gbogbo oníbàárà fi yíjú padà wò ó, bí ẹni pé wọ́n mú olè.

Ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ látẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà. Ó mọ ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn tí kò fẹ́ gba abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ rọra. Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kẹ́ ẹ ra nǹkan kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

"Mo kúkú ń tètè sọ ọ́ ni!"

Ayàwòrán ilé ni Tépù. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ìtàn. Tépù ìwọnlẹ̀ tí kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá wá kí ọ nílé, á kọ́kọ́ wọn àga kó tó jókòó sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ìbejì rẹ̀, àwọn ẹbí ń dúpẹ́, wọ́n ń nu omijé ayọ̀, òun ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, ṣẹ̀ẹ́ẹ́! ó ti fa tépù yọ. Ó wọn ọ̀kan, ó wọn èkejì, ó mi orí.

"Wọ́n bára dọ́gba," ló wí. "Àfi imú."

Ìbejì yìí gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àgbélétan sú u. Ó ti ra kọ̀ǹpútà àgbélétan rí, irú èyí táwọn ọmọ ń pè ní láàpútọ́ọ̀pù. Ọ̀kan nínú ìbejì wálé fún ìsinmi, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n yá a fọ́jọ́ méjì." Kọ̀ǹpútà bá ọmọ lọ sí yunifásítì, kò padà. Tépù mẹ́sẹ̀ lé ọ̀nà, ó ra òmíràn. Èkejì náà wálé fún ìsinmi.

Méjì-méjì ni gbogbo ọ̀ràn ìbejì.

"Ohun tó bá ti ṣeé há sábẹ́ abíyá," ni Tépù ń ṣàlàyé fún ọmọbìnrin tó ń tajà, "ó ti lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó máa jókòó ni mò ń wá. Kó jókòó gbọin, bí àgbà."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé nǹkan kan jáde, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú wọn. Àpótí dúdú kékeré kan ni, tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ mẹ́rin tí wọ́n tò pọ̀ lọ.

"Kọ̀ǹpútà orí tábìlì rèé, bàbá mi."

Tépù wò ó. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá èyí tó kù ń bọ̀. Kò sí ohun tó ń bọ̀. Ló bá fa tépù yọ, ṣẹ̀ẹ́ẹ́!

"Íǹṣì méje níbùú. Íǹṣì méje lóròó. Íǹṣì méjì péré ní gíga." Ó gbójú sókè. "Ọmọ mi, ṣé èyí lè ya ilé?"

"Ó lè ya odindi ìlú! Agbára rẹ̀ ju ti àgbélétan tẹ́ ẹ̀ ń wò lọ́hùn-ún yẹn lọ, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa. Kì í gbóná. Kì í pariwo. Bó bá sì pẹ́ títí, tẹ́ ẹ fẹ́ kó yá sí i, a lè ṣí inú rẹ̀ ká fi kún ọpọlọ rẹ̀."

Ìyàwó Tépù sún mọ́ ọn.

"Àbúrò, ọpọlọ tẹ́ ẹ̀ ń fi kún yìí, ṣé kọ̀ǹpútà nìkan lẹ máa ń ṣe é fún?"

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Tépù ò gbọ́. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ń fi ọwọ́ pa àpótí náà lórí bí ẹni ń pa ọmọ ológbò.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ tún wí, "bí wọ́n bá wá ní kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ yín wá hàn wọ́n níbòmíràn ńkọ́?"

"Iṣẹ́ mi kì í rìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ mi, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá a."

Ó sanwó. Ó gbé e. Ó sọ ọ́ ní Kóńkó kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé Kóńkó sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná, ó tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré kan tàn lára rẹ̀, tíín. Tépù pàtẹ́wọ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì ń dúró.

Ó dúró.

Ó yí Kóńkó sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún un gbé dìde. Ó wá gbé fóònù, ó pe ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yìí ò lójú o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi. Ojú lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀ ni. Ẹ óò ra ojú, ẹ óò ra kíbọ́ọ̀dù, ẹ óò sì ra eku."

"Eku kẹ̀? Èyí tó wà nílé mi ni mò ń bá jà látọdún tó kọjá!"

Ìyàwó rẹ̀ tó wà ní yàrá kejì rẹ́rìn-ín títí tó fi jábọ́ lórí àga, gbì!

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ṣùgbọ́n Tépù kì í ṣe ẹni tó ń padà lẹ́yìn. Ó ra eku. Ó ra kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó kan ojú, ó ní òun ò ní ra ojú tín-ín-rín, ojú tó ń ṣẹ́jú. Ó ra ojú tó fẹ̀ bíi fèrèsé, íǹṣì mẹ́tàlélógún àti ààbọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n. Wọ́n kọ mẹ́rìnlélógún sára páálí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bá wọn jà lórí ààbọ̀ íǹṣì tó dín.

Láti ọjọ́ náà, ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá jí láàárọ̀, Kóńkó ló ń kọ́kọ́ kí. "Kóńkó, ṣé dáadáa lo sùn?" Ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ó ní òun sùn dáadáa. Èmi náà sùn, bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀."

Ohun tí Tépù ń yà lórí Kóńkó láti oṣù méjì yìí, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ilé ìkàwé ìlú ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ó ti tó ọdún mẹ́ta tí iṣẹ́ gidi kan ti dé ọwọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n ń ní kó bá àwọn yà. Bí kì í bá ṣe ilé ìyàgbẹ́, ilé ajá ni. Ọkùnrin tó ka ìwé ilé yíyà fún ọdún márùn-ún, òun ló ń jókòó ronú ibi tí ajá máa gbé orí sí. Nígbà tí wọ́n wá kéde pé ìgbìmọ̀ kan ń wá ẹni tó máa ya ilé ìkàwé tuntun, Tépù ò jẹun dáadáa mọ́. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́, ó sì ń gbàdúrà.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé. Nínú gbogbo àwọn tó yàwòrán, ènìyàn méjì péré ló kù. Òun ni ìkejì!

Tépù fò sókè, orí rẹ̀ kan gílóòbù. Ó wá ka ìlà tó gbẹ̀yìn.

Ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Tépù na lẹ́tà sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó wá síwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá, kó gbé àwòrán náà wá lórí kọ̀ǹpútà, kó lè máa yí i síwá sẹ́yìn fún wọn.

Obìnrin náà kà á. Ó ká a. Ó gbé e kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kékeré lábẹ́ imú.

"Má sọ ọ́," ni Tépù wí.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ojú rẹ ń sọ ọ́."

"Ojú lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀."

Ìyàwó bẹ ọkọ pé kó lọ yá àgbélétan dókítà kan tí òun ń bá ṣiṣẹ́. Tépù ní láéláé, òun ò lè kọ Kóńkó sílẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀. Ìyàwó ní kó pe ìgbìmọ̀ náà nígbà náà, kó bi wọ́n bóyá ojú wà níbẹ̀, kó lè gbé àpótí kékeré náà nìkan lọ.

"Kí n máa tọrọ ojú kiri? Kí wọ́n rò pé mi ò ní tèmi?"

Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ìyàwó rẹ̀ tètè jáde nítorí pé iṣẹ́ àárọ̀ ló ní. Tépù ti fi táwẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ búlúù wé Kóńkó kó má baà gbún nǹkan, ó ti gbé e sórí tábìlì. Ó fi kíbọ́ọ̀dù, eku àti gbogbo wáyà sínú àpò, ó ju nǹkan tí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé sí i, ó fa síìpù. Ó wá ku ojú.

Ó há a sábẹ́ abíyá. Abíyá ò gbà á. Ó gbé e lérí. Ó yọ̀ ṣùùrù, díẹ̀ ló kù kó lulẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, kò rí iwájú, ó lọ kọlu ilẹ̀kùn, gbà!

Ló bá rántí. Ó ṣí àpótí aṣọ, ó tú u títí dé ìsàlẹ̀, ó sì yọ ọ̀já tí wọ́n fi pọn ìbejì nígbà tí wọ́n kéré. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ojú kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n gbìgì kó lè jókòó dáadáa, ó gbá ọ̀já, ó so ó kankan níwájú. Ó fi aṣọ òkè kan bò ó nítorí eruku.

Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Abiyamọ ọmọ onígun mẹ́rin.

Ó jáde.

Bó ṣe wọ ọkọ̀ èrò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò dìde.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ."

Tépù fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń dùn ún, ìjókòó sì ni ìjókòó ń jẹ́. Ó dúpẹ́, ó jókòó ní ṣónṣó àga, ó tẹ̀ síwájú kó má baà fún ojú pa.

Màmá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú màmá ń dùn.

"O ṣe é o, ọmọ mi. Báwo ni ì bá ti dára tó bí bàbá àwọn ọmọ tèmi náà bá lè pọnmọ rí! Ọmọ yìí mà dákẹ́ o. Kì í ké ni?"

"Kò tíì jí ni, màmá. Ó dìgbà tí mo bá ki wáyà rẹ̀ bọ iná."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ó dìgbà tí wáyà—"

Màmá ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti na ọwọ́ gbẹ́jẹ́, ó ti ṣí aṣọ. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ojú kan sì wà nínú rẹ̀ tó hunjọ bí ewé gbígbẹ, tó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, tí eyín méjì péré dúró nínú rẹ̀.

"Yéèè! Ọmọ yìí ti darúgbó!"

Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Kííííí!

"Màmá, ẹ fara balẹ̀, ojú yín lẹ rí níbẹ̀!" ni Tépù ń pariwo.

"Ojú mi bí báwo? Ojú mi nìyí níbí! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo ọmọ tó lọ́jọ́ lórí jù mí lọ!"

Ọkùnrin sísanra kan dìde, ó bẹjú wò ó. "Irọ́ ni màmá ń pa. Ọmọ yìí ò darúgbó rárá. Ó sanra ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ní irùngbọ̀n?"

Ọmọge kan náà bẹjú wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó tún irun rẹ̀ ṣe. "Èmi rò pé ó rẹwà," ló wí, ó sì lọ jókòó.

Ẹ̀rín ń pa mí o!

Kò sí ẹni tí kò wò ó tán nínú ọkọ̀ náà. Awakọ̀ alára sọ̀ kalẹ̀, ó wá wò ó, ó ní ọmọ náà jọ ẹ̀gbọ́n òun tó wà lẹ́yìn odi. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì ni Tépù tó já gbọ̀ngàn ìpàdé, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, tí ọ̀já ti há a láyà.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ló jókòó níbẹ̀. Alága wà láàárín, obìnrin àgbà tó wọ gíláàsì, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wà lápá òsì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, títí kan ẹni tó bá sín. Lápá ọ̀tún ni Bàbá Onílẹ̀, arúgbó tó fún ìlú ní ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí. Bí bàbá yẹn bá ní rárá, rárá náà ni.

Ẹni tí Tépù ń bá dupò ti wà níwájú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi gèlì pa irun ni, àgbélétan rẹ̀ sì tín-ín-rín bí àpòòwé lẹ́tà. Ó fi ìka méjì péré gbé e. Ó ki wáyà kan bọ̀ ọ́, àwòrán sì tàn gbàràdà sórí ògiri, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn méjì.

Tépù wo ògiri náà. Ó wò ó pẹ́.

Ògiri ní ojú!

Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lọ́tun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi àwòrán hàn. Àwòrán kìíní. Àwòrán kẹwàá. Nígbà tó dé àwòrán kẹrìndínlọ́gọ́rin, Alága ti ń fi ọwọ́ ti àgbọ̀n, Akọ̀wé ń kọ̀wé láìlajú, Bàbá Onílẹ̀ sì ti sùn lọ fọnfọn. "Fọ́ọ̀ọ̀n... fííì. Fọ́ọ̀ọ̀n... fííì." Aago kan ọ̀sán lù. Ikùn ẹnì kan kígbe, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́.

"Ó tó," ni Alága wí. "Ẹnì kejì."

Tépù dìde. Ó tú ọ̀já. Ó gbé ojú kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó to kíbọ́ọ̀dù, ó to eku, ó to wáyà. Ó mú táwẹ́ẹ̀lì búlúù jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun han ìyekan. Ó tú u.

Abọ́ oúnjẹ ni.

Abọ́ onídérí, onígun mẹ́rin, íǹṣì méje lórí íǹṣì méje. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára, wọ́n kọ "Nọ́ọ̀sì" sí i.

Òógùn bọ́ lára Tépù, tọ́-tọ́-tọ́. Táwẹ́ẹ̀lì búlúù náà, méjì ni wọ́n rà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan lòun fi wé Kóńkó. Ìyàwó rẹ̀ fi èkejì wé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kó má baà tètè tutù. Ìyàwó ló kọ́kọ́ jáde nílé, láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú oorun lójú, ó sì gbé Kóńkó lórí tábìlì dípò oúnjẹ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ayàwòrán," ni Alága wí, "ṣé kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nìyẹn?"

"Ó... ó kéré, mà."

"Ó ń ta sánsán."

Akọ̀wé gbé bíírò sókè. "Kí n kọ ọ́ pé kí ni?"

Ìhánrun Bàbá Onílẹ̀ dákẹ́ lójijì. Ojú rẹ̀ ò tíì là, àmọ́ imú rẹ̀ ti jí.

Tépù wo ẹnu ọ̀nà. Ó lè sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń múra. Ṣùgbọ́n ó rántí ilé ìyàgbẹ́. Ó rántí ilé ajá. Ó rántí bó ṣe pa yàrá àwọn ọmọdé rẹ́ lẹ́ẹ̀mọkànlá kó tó rí ibi tí oòrùn á ti máa wọlé láìta sí wọn lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ sún mọ́ mi."

Ó dojú kọ̀ǹpútà ńlá náà sókè lórí tábìlì, ó tẹ́ aṣọ lé e.

"Ilẹ̀ Bàbá rèé."

Ó ṣí abọ́. Búrẹ́dì gígé wà níbẹ̀, ẹyin sísè mẹ́ta, kárọ́ọ̀tì gígùn-gígùn, kùkúḿbà tí wọ́n gé róbóróbó àti ẹran díndín díẹ̀. Ó fa tépù yọ, ṣẹ̀ẹ́ẹ́! Ó wọn búrẹ́dì, ó gé e, ó sì gbé ògiri àkọ́kọ́ dìde.

"Ìhín ni ìlà oòrùn. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ibí wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwọn fèrèsé sápá ibí." Ó to kùkúḿbà. "Àwọn òpó rèé." Ó gbé kárọ́ọ̀tì dúró, ẹyọ kan, ẹyọ kan. "Ìgbà tí ọmọdé bá ń kàwé, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kọjá lẹ́yìn òun. Nítorí náà, ẹ̀yìn pátápátá ni yàrá wọn wà." Ó la ẹyin sí méjì-méjì, ó dojú wọn délẹ̀ sórí yàrá náà. "Òrùlé wọn á rí róbótó báyìí. Bí ọmọ bá gbójú sókè nínú ìwé, kó rí òfuurufú."

Kóńkó ò sọ̀rọ̀ fún un lónìí, ògiri ò tàn fún un. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù, ẹnu náà sì ń ṣiṣẹ́! Alága ti bọ́ gíláàsì, ó ti tún un wọ̀. Akọ̀wé ti dìde dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígèlì ti pa àgbélétan rẹ̀ dé, ó ti sún wá sítòsí.

Tépù gbé búrẹ́dì tó tóbi jù lérí gbogbo rẹ̀. "Òrùlé àgbà rèé."

"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?" Bàbá Onílẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó lajú.

"Ó dagun sẹ́yìn díẹ̀, bàbá. Omi á máa ṣàn lọ."

"Jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò."

Bàbá na ọwọ́, ó ká òrùlé kúrò, ó bù ú jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ lọ láìkánjú, ó pa ojú dé.

"Bàbá!" ni Alága kígbe.

"Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Òrùlé náà lágbára."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú fèrèsé kan. "Ó yẹ ká mọ bí fèrèsé ṣe nípọn tó," ló wí, ó sì jù ú sẹ́nu.

Akọ̀wé yọ òpó kan. Kàráú! Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Òpó kìíní. Ó dún kàráú."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀dọ́mọkùnrin onígèlì wí láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ṣé mo lè yẹ àtẹ̀gùn wò?"

Ẹran díndín ni àtẹ̀gùn.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ilé ìkàwé ti wó. Ẹyin tó gbẹ̀yìn ń lọ sọ́nà ọ̀fun Bàbá Onílẹ̀ ni ilẹ̀kùn bá ṣí, gbàà!

Ìyàwó Tépù ló wọlé, pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ lọ́rùn, pẹ̀lú òógùn lójú, tó gbá Kóńkó mọ́ àyà. Ìgbà tí àsìkò oúnjẹ tó ló tú táwẹ́ẹ̀lì, tó rí i pé eyín òun ò lè gba ohun tó wà níbẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀ títí, ọkọ ti pa fóònù. Ló bá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sáré bọ́ sójú títì.

"Bàbá Ìbejì! Ẹ tètè gbà á, mo ti—"

Ó dúró. Ó rí abọ́ rẹ̀. Ó rí inú abọ́ náà. Ó rí èérún búrẹ́dì nínú irùngbọ̀n Bàbá Onílẹ̀.

"Ta ló jẹ oúnjẹ mi?"

Gbogbo wọn gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbìn!

Alága nu ẹnu. Ó tún ìjókòó ṣe. Ó fi gbogbo iyì ipò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Oúnjẹ kọ́. Ilé ìkàwé ni a jẹ."

"Ilé... kí ni?"

"Ilé ìkàwé ìlú, mà," ni Akọ̀wé wí, ó sì na ìwé rẹ̀ sí i. "Ó wà nínú àkọsílẹ̀."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Tépù ń wo àjà.

"Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ jáde nílé," ló wí jẹ́jẹ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká délé ná."

Ẹ̀rín ń pa mí, mi ò lè mí!

Wọ́n bá ki wáyà ògiri bọ Kóńkó. Ó dún vúúú, àwòrán sì tàn. Ilé ìkàwé náà yọ sórí ògiri, ńlá, pẹ̀lú gbogbo òpó rẹ̀, pẹ̀lú òrùlé róbótó, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé sórí àga àwọn ọmọdé. Tépù yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀, tí ebi ń pa, tó ń bínú, gbàgbé láti bínú. Kò rí i tó tóbi tó báyẹn rí.

Alága mi orí lọ sókè sódò. Akọ̀wé ò kọ nǹkan kan. Gbogbo wọn wá yíjú sí Bàbá Onílẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Bàbá tẹjú mọ́ ògiri. Ó pẹ́.

"Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún un," ni Bàbá wí.

Tépù fò sókè! Ìyàwó rẹ̀ fò mọ́ ọn! Kíbọ́ọ̀dù jábọ́, eku jábọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin onígèlì náà ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àtẹ̀gùn lẹ́nu.

Bàbá Onílẹ̀ ò tíì gbé ojú kúrò lára ògiri. Ó fi ahọ́n yẹ eyín rẹ̀ wò. Ó mí kanlẹ̀.

"Èyí náà ò burú," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká parọ́ fúnra wa. Ti àkọ́kọ́ yẹn dùn jù ú lọ."